Ẹja Àkọ́kọ́ fún Táǹkì Omi Òkun: Èwo Ni Ká Mú, Èwo Ni Ká Fi Sílẹ̀?

Ẹja tó bá kọ́kọ́ wọ táǹkì omi òkun ló ń pinnu irú ẹja tó lè wọlé tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kì í ro ibẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dúró níwájú gíláàsì ní ṣọ́ọ̀bù, tí ẹja búlúù kan ń kọ mànà sí wọn lójú. Nínú òkun, àyè kékeré kan lẹ́bàá òkúta ni ọ̀pọ̀ ẹja òkìtì iyùn (coral reef) ń gbé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ń sá sí bí ewu bá dé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń yé ẹyin sí. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn, ìjà ni. Bí a bá wá gbé irú ẹja bẹ́ẹ̀ sínú àpótí gíláàsì tí kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, kò ní pẹ́ tí yóò fi sọ gbogbo àpótí náà di tirẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbé ìwà síwájú àwọ̀ nínú ìfiwéra yìí.

Táǹkì tí mo ní lọ́kàn kò tóbi: nǹkan bíi lítà 120. Òkúta wà nínú rẹ̀, iyanrìn wà nísàlẹ̀, iyùn rírọ̀ díẹ̀ sì ti ń dàgbà lára òkúta. Omi rẹ̀ wà ní 25°C, ìwọ̀n iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1.025 tàbí 1.026 lórí òṣùwọ̀n specific gravity, níbi tí omi tí kò níyọ̀ ti jẹ́ 1.000. Ó ti ń ṣiṣẹ́ láìsí ẹja nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, títí amóníà àti nitrite, májèlé méjì tí ìdọ̀tí ń mú wá sínú omi, fi di òdo nígbà tí ẹ wọ̀n wọ́n. Láyé ọjọ́un, damsel, ẹja kékeré kan tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ni wọ́n máa ń jù sínú táǹkì tuntun kí ìdọ̀tí ara rẹ̀ lè máa bọ́ àwọn bakitéríà tó ń fọ omi mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Amóníà ń jó ẹja níbi tó fi ń mí. Ìgò amóníà kékeré kan lè ṣe iṣẹ́ yẹn láìjẹ́ pé ẹ̀dá kankan jìyà.

Ocellaris àbí damsel?

Ocellaris ni clownfish aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà funfun lára. Ẹbí kan náà ni òun àti damsel, ẹbí tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní Pomacentridae. Àwọn méjèèjì lágbára, wọ́n ń jẹ ohun tí ẹ bá fún wọn, wọn kì í sì í tètè kú bí omi bá yí díẹ̀. Owó damsel máa ń kéré ju ti ẹja omi iyọ̀ yòókù lọ. Ẹni tó bá wo ìyẹn nìkan, damsel ló máa gbé lọ sílé.

Ẹ wá wo bó ṣe máa rí lẹ́yìn ọdún kan. Blue devil, ìyẹn Chrysiptera cyanea, kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ lọ, síbẹ̀ ó lè máa lé ẹja tó tóbi jù ú lọ kiri títí tí ìyẹn kò fi ní ráyè jẹun mọ́. Domino, damsel mìíràn, tún le jù ú lọ. Nígbà tó bá kéré, ó dúdú kirimú, àmì funfun mẹ́ta wà lára rẹ̀, àwọn ọmọdé kì í lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Tó bá dàgbà, ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 14, àmì funfun náà á ti ṣá, ìwà jàgídíjàgan nìkan ló máa kù. Bí ẹ bá ní kí ẹ mú un kúrò, àwọ̀n kò ní ká a. Inú ihò òkúta ló máa sá wọ̀, ẹ sì ní láti tú gbogbo òkúta náà kalẹ̀, tòun ti iyùn tó ti lẹ̀ mọ́ ọn, kí ọwọ́ yín tó tẹ̀ ẹ́.

Ocellaris ní tirẹ̀ máa ń yan igun kan, bóyá lẹ́bàá pọ́ǹpù tàbí lórí iyùn kan, ibẹ̀ ló sì máa ń wà tọ̀sán tòru. Ó fi ìyókù táǹkì sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìyàtọ̀ pàtàkì tó wà láàárín òun àti damsel nìyẹn, òun ni mo sì fi ń dá ẹjọ́. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń sìn ín fún títà ní Amẹ́ríkà, débi pé èyí tó pọ̀ jù lónìí kò fojú kan òkun rí. Irú bẹ́ẹ̀ ti mọ oúnjẹ gbígbẹ láti kékeré, kò sì bẹ̀rù ènìyàn. Ó lè lò ju ọdún mẹ́wàá lọ, nítorí náà ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó gbé e: ọmọ tó wà ní jẹ́léósinmi lónìí lè fi sílẹ̀ lọ sí yunifásítì kí ẹja náà ṣì máa jẹun lọ́wọ́ yín.

Ẹ má da ara yín láàmú pé ẹ ń wá akọ kan, abo kan. Kò sí ocellaris tó bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí abo. Nínú méjì tó bá ń gbé pọ̀, èyí tó tóbi jù ló ń di abo, èkejì á jẹ́ akọ. Bí abo bá kú, akọ náà lè yí padà di abo. Ẹ mú ọmọ kékeré méjì tí ọ̀kan fi díẹ̀ tóbi ju èkejì lọ, kí ẹ sì gbé wọn wọlé lọ́jọ́ kan náà. Ẹ máa rí i tí èyí tó kéré á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ níwájú ìkejì rẹ̀, tí ara rẹ̀ á máa gbọ̀n jìnnìjìnnì. Ìtẹríba ni, kì í ṣe àìsàn. Ẹ má mú mẹ́ta, nítorí ẹni kẹta ni wọ́n máa jọ dojú kọ.

Anemone, ẹ̀dá òkun tó dà bí òdòdó, tó ń ta, tí clownfish máa ń sá sí, ńkọ́? Ocellaris kò nílò rẹ̀ láti yè nínú táǹkì. Inú òkun ló ti nílò rẹ̀, nítorí pé àwọn tó fẹ́ jẹ ẹ́ wà níbẹ̀. Anemone fẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ gan-an àti omi tó ti dúró ṣinṣin fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó tún máa ń rìn: ó lè rìn wọ inú pọ́ǹpù, kó gé wẹ́wẹ́, kó sì ba gbogbo omi jẹ́ lóru ọjọ́ kan. Ẹ fi í sílẹ̀ ná.

Nípa percula, tó jọ ocellaris bí ìbejì: ìlà dúdú tó yí funfun rẹ̀ ká máa ń nípọn jù, ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń ní ẹ̀gún mẹ́wàá nígbà tí ti ocellaris jẹ́ mọ́kànlá. Ó wọ́n jù, kò sì sàn jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Maroon àti tomato, tí wọ́n tún jẹ́ clownfish, tóbi, wọ́n sì le bíi damsel. Àwọn aláwọ̀ àrà tí wọ́n ń tà lówó gọbọi, ocellaris kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn. Bí ẹ bá lówó ẹ rà á, bí ẹ kò bá ní, kò sí ohun tí ẹ pàdánù.

Royal gramma àbí royal dottyback?

Ibí yìí ni àṣìmú pọ̀ sí jù, nítorí pé àwọn méjèèjì jẹ́ elésè àlùkò níwájú, wọ́n sì jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè lẹ́yìn. Àwọ̀ gramma máa ń wọ inú ara wọn díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú tó-tò-tó láàárín, àmì dúdú kan wà lára ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ìlà kan sì gba ojú rẹ̀ kọjá. Ti dottyback, Pictichromis paccagnella, gé láàárín bí ẹni fi rúlà fà á, kò sì sí àmì dúdú yẹn.

Àbúrò àti ẹ̀gbọ́n kọ́ ni wọ́n o. Òkun Karibéánì ni gramma ti wá, ìwọ̀ oòrùn Pàsífíìkì ni dottyback ti wá. Felipe Poey, onímọ̀ nípa ẹja tó jẹ́ ọmọ Kúbà, ló fún gramma ní orúkọ tí sáyẹ́ǹsì ń pè é, Gramma loreto, ní 1868. Nínú omi tí àwọn Lùkúmí, ìran Yorùbá tó wà ní Kúbà, ń kí Yemọja létí rẹ̀ ló ti wá, èyí sì jẹ́ kí n túbọ̀ fẹ́ràn rẹ̀.

Gramma máa ń yan ihò kan, ó máa ń kọ ikùn sí òkúta níbikíbi tó bá wà, tó fi jẹ́ pé lábẹ́ òkúta, àyà rẹ̀ á wà lókè, ẹ̀yìn rẹ̀ á wà nísàlẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é. Bí ẹja mìíràn bá sún mọ́ ihò rẹ̀, ó máa ń la ẹnu gbàgà sí i. Bí ìyẹn bá padà sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ti tán. Kì í lé e kọjá ibẹ̀. Dottyback kì í dúró síbẹ̀. Ó máa ń lé e dé igun kejì, ó máa ń pa edé kékeré jẹ, ó sì lè fi ẹja tó rọ̀ bíi firefish sínú ìpọ́njú títí táá fi kú. Gramma kan ṣoṣo ni kí ẹ mú, nítorí pé wọn kì í gba irú ara wọn láyè nínú táǹkì kékeré.

Ẹni tó bá fẹ́ elésè àlùkò látòkè délẹ̀ lè béèrè orchid dottyback, ọmọ Òkun Pupa, tí wọ́n ń sìn dáadáa báyìí. Ìwà rẹ̀ tutù ju ti ìbátan rẹ̀ lọ jìnnà.

Firefish àbí chromis?

Chromis aláwọ̀ ewé ni wọ́n máa ń tà fún ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ rí agbo ẹja tó ń rìn pọ̀. Nínú òkun, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ló ń wọ́ tẹ̀lé ara wọn. Nínú lítà 120, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé márùn-ún á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́ta, títí á fi ku alágbára kan. Àwọn fúnra wọn ló ń pa ara wọn. Inú òkun ni wọ́n ti ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wá, ọ̀pọ̀ sì máa ń gbé àìsàn dání. Mi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa fi wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Firefish, Nemateleotris magnifica, funfun níwájú, pupa bí iná lẹ́yìn, ìyẹ́ kan sì gùn lókè ẹ̀yìn rẹ̀ bí àsíá. Ẹ̀rù máa ń tètè bà á. Ó ń léfòó lókè ihò rẹ̀, ó ń mú oúnjẹ nínú omi tó ń ṣàn, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun kan ló ń pa á: fífò. Bí ilẹ̀kùn bá dún gbàmù, ó lè fò jáde kúrò nínú táǹkì, bí ẹ bá sì rí i lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ti gbẹ. Ìdérí aláwọ̀n tí kò ní àlàfo kankan ni ojútùú rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ ra ìdérí, kó má rà á. Nítorí pé ẹ̀rù ń bà á, òun ló yẹ kó wọlé kí àwọn ògbójú tó dé.

Banggai àbí pajama?

Cardinalfish ni àwọn méjèèjì, wọn kì í yára. Banggai lẹ́wà gan-an: fàdákà pẹ̀lú ìlà dúdú àti tó-tò-tó funfun. Ṣùgbọ́n ní àwọn erékùṣù Banggai lẹ́bàá Sulawesi ní Indonéṣíà nìkan ni ìbílẹ̀ rẹ̀ wà, àwọn oníṣòwò ẹja sì kó o débi pé wọ́n kọ ọ́ mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu ìparun ní 2007. Akọ rẹ̀ ló ń gbé ẹyin sẹ́nu, kì í sì í jẹun ní gbogbo àkókò náà. Torí bẹ́ẹ̀ ó rọrùn láti sìn, kò sì sí àwíjàre fún ẹni tó bá ra èyí tí wọ́n mú nínú òkun. Akọ méjì kì í gbé pọ̀. Pajama kò dára tó o lójú, àmọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè gbé pọ̀ láìsí ìjà. Fún lítà 120 tí iyùn àti ẹja mìíràn máa wà nínú rẹ̀, Banggai ọ̀sìn kan ṣoṣo ni màá mú.

Goby pẹ̀lú edé rẹ̀, àbí blenny?

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n mú ẹja kan péré nínú gbogbo èyí tí mo dárúkọ, yellow watchman goby ni. Cryptocentrus cinctus lorúkọ rẹ̀. Ó jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, tó-tò-tó búlúù wà lójú rẹ̀, ó sì máa ń wo ènìyàn bíi pé ó ń bínú, bẹ́ẹ̀ inú kò bí i. Edé kan ló ń bá gbé, pistol shrimp, tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ kan dún pàà bí ìbọn. Edé yìí kò ríran dáadáa. Òun ló ń gbẹ́ ihò, tó ń tì iyanrìn jáde látàárọ̀ dalẹ́. Ẹja ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Edé á fi ìwo rẹ̀ gígùn kan lé ara ẹja náà. Bí ẹja bá ju ìrù pẹ́nrẹ́n, edé á padà sínú ihò wéré. Mo mọ àwọn tó kó àga wá síwájú táǹkì nítorí àwọn méjì yìí nìkan.

Ohun tó gbà kò pọ̀: iyanrìn tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, àti òkúta tí ẹ gbé kalẹ̀ sórí gíláàsì gan-an kí ẹ tó da iyanrìn yí i ká. Bí òkúta bá jókòó lórí iyanrìn, edé á gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ títí yóò fi wó. Ó tún yẹ kí ìdérí wà, nítorí goby náà máa ń fò.

Lawnmower blenny ni wọ́n sábà máa ń fi wé e, torí pé òun náà ń gbé ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ sì pani lẹ́rìn-ín. Àmọ́ ewé omi tó ń hù lára òkúta ni oúnjẹ rẹ̀, táǹkì tuntun kì í sì í ní tó o. Ó máa ha gbogbo òkúta mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ikùn rẹ̀ á wọnú. Ó dìgbà tí táǹkì bá pé oṣù mẹ́fà, kí ẹ tó rò ó. Tailspot blenny kéré jù ú lọ, ó sì máa ń tètè gba oúnjẹ lọ́wọ́ ènìyàn. Tó bá jẹ́ blenny ni ọkàn yín fẹ́, òun ni kí ẹ mú.

Àwọn tí ẹ ó rí tí ẹ kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ rà

Blue tang, ẹja búlúù tí gbogbo ọmọdé mọ̀ láti inú fíìmù, lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Èyí tí wọ́n ń tà kò ju ìka ọwọ́ lọ, ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà. Mandarin, arẹwà inú gbogbo wọn, kòkòrò omi tín-tìn-tín tí wọ́n ń pè ní copepod ló ń jẹ, bíi kó máa mú un lọ́kọ̀ọ̀kan látàárọ̀ dalẹ́. Nínú táǹkì tuntun, ebi ló máa pa á níwájú yín. Six-line wrasse kékeré, ara rẹ̀ yá, àmọ́ bó bá kọ́kọ́ wọlé, kò ní gba àlejò kankan láyè mọ́.

Ẹja ọ̀sìn àti ẹja tí wọ́n mú nínú òkun

Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn apẹja kan ní Philippines ti ń fi májèlé tó ń jẹ́ sáyánáìdì fún ẹja láàárín iyùn kó lè dákú, kí wọ́n lè mú un láàyè. Iyùn tó bá kàn ń kú, ẹja tó bá sì yè é lè kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan nílé ẹni tó rà á. Ìbéèrè yìí kò lè ṣe àìṣe ní ṣọ́ọ̀bù: níbo lẹja yìí ti wá? Ocellaris, Banggai àti orchid dottyback, kò sídìí tí ẹ fi máa ra èyí tí kì í ṣe ọ̀sìn. Gramma àti firefish, òkun ni ọ̀pọ̀ wọn ṣì ti ń wá, torí náà àwọn ni kí ẹ fara balẹ̀ wò dáadáa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Èkó àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun

Ní Lọ́ńdọ̀nù, hítà ló ń jẹ iná. Ní Èkó, ooru ni ọ̀tá. Omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ ọ́síjìn púpọ̀ dúró, bó bá sì ń kọjá 29°C lójoojúmọ́, iyùn á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Fáànù tó ń fẹ́ sórí omi lè fà á wálẹ̀ díẹ̀. Bí iná bá lọ, pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ tó ń lo bátìrì ló máa gba ẹja là kí ẹ tó tan jẹnẹrétọ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ rà á kí ẹ tó ra ẹja. Ẹ má pọn omi òkun létí Èkó lọ sílé: omi ọ̀sà tó ń ṣàn wọ ibẹ̀ ń gbé ìdọ̀tí ìlú dání. Iyọ̀ àpò àti omi tí wọ́n fi RO (reverse osmosis, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi mọ́ tónítóní) sẹ́ ló dára, ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ocellaris àti goby ló máa fara da irú wàhálà iná yìí jù.

Bí màá ṣe tò wọ́n

Goby àti edé rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ gbé wọlé, tàbí firefish bí ìdérí bá wà. Lẹ́yìn oṣù kan, ocellaris méjì. Gramma ló máa gbẹ̀yìn, nítorí òun ló lè gbèjà ara rẹ̀ níwájú àwọn tó ti bá nílé. Ó ti tó fún lítà 120. Ẹni tó bá fẹ́ ocellaris nìkan, kó fi wọ́n bẹ̀rẹ̀; kò sí ẹ̀bi níbẹ̀.

Láàárín oṣù tó wà láàárín ìkọ̀ọ̀kan wọn, kí ẹja tuntun wà nínú táǹkì ìsémọ́ kékeré kan, pẹ̀lú hítà, fíltà kékeré, àti páìpù tó lè sá sí. Àrùn tó-tò-tó funfun, tí Cryptocaryon irritans ń fà, ni ìdí rẹ̀. Oògùn bàbà ń pa kòkòrò náà, ṣùgbọ́n ó tún ń pa edé, ìgbín àti iyùn, nítorí náà ẹ kò lè dà á sínú táǹkì ńlá. Bí àrùn náà bá ti wọ ibẹ̀, gbogbo ẹja ni ẹ máa kó jáde, táǹkì á sì wà láìsí ẹja fún nǹkan bí ọjọ́ 76 kí ebi tó pa kòkòrò náà tán.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ra ẹja, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fún un lóúnjẹ níṣojú yín. Ẹ wo ojú rẹ̀ bóyá ó mọ́, ẹ wo ikùn rẹ̀ bóyá kò wọnú, ẹ wo bó ṣe ń mí. Èyí tó bá sáré wá jẹun ni kí ẹ sanwó rẹ̀. Èyí tí kò bá jẹ, ẹ jẹ́ kó ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ padà wá wò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.